AWỌ ARA WA ÀTI DÓKÍTÀ TÓ FI GBOGBO AYÉ RẸ̀ WÒ Ó

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ wọ awò ojú yín, ẹ rọra kà á. Ẹni tí kò bá lè kàwé mọ́, kí ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, kó kà á sí i létí.

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ. Albert Kligman ni orúkọ rẹ̀, dókítà awọ ara ni, ará Amẹ́ríkà sì ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti wọ yàrá wa. Bí ẹ bá yẹ ẹ̀yìn páálí ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ pọ́n lára, ẹ ó rí orúkọ oògùn méjì tàbí mẹ́ta tí ọkùnrin yìí kọ́kọ́ pò pọ̀ ní ọdún 1975. Òun náà ló kọ́ gbogbo ayé nípa ohun tó ń mú kí awọ hunjọ. Òun náà ló sì fi ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ṣe oko ìwádìí fún nǹkan bí 20 ọdún. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohun tó dára nínú, ó sì ní ohun tó burú nínú. Ẹ jẹ́ ká wo méjèèjì, kí a má fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

*IBI TÓ TI BẸ̀RẸ̀*

Wọ́n bí Kligman ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1916, ní ìlú Philadelphia. Júù tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ta ìwé ìròyìn. Wọn kì í ṣe olówó rárá. Ó wọ ẹgbẹ́ Síkáòtù nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n a máa kó wọn lọ sí ìgbèríko, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ràn igi àti ewé. Nígbà tó dé yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ewéko ló kọ́. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1942 lórí ọ̀rọ̀ olú àti àwọn ohun tó jẹ mọ́ olú. Ó tiẹ̀ kọ ìwé nípa bí a ṣe ń gbin olú tí à ń jẹ.

Ẹ lè béèrè pé kí ló kan olú kan awọ ara. Ó kàn án dáadáa. Làpálàpá tó ń yọ lórí àwọn ọmọ wa, èyí tó ń yún ènìyàn lábẹ́ ọmú àti ní ìtan nígbà ooru, èyí tó ń bó láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọ bàtà rọ́bà lójoojúmọ́, ẹbí olú ni gbogbo wọn. Wọn kì í ṣe kòkòrò tó ń rìn, wọn kì í sì í ṣe èpè. Ohun tó ń hù ni wọ́n, bí olú ṣe ń hù lára igi tó ti jẹrà. Ibi tó bá lómi tó sì móoru ni wọ́n fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwa nọ́ọ̀sì fi máa ń sọ pé kí ẹ nu ara gbẹ dáadáa lẹ́yìn ìwẹ̀.

Kligman tún padà sílé ẹ̀kọ́, ó di dókítà ní 1947 ní Yunifásítì Pennsylvania, ó sì dúró síbẹ̀ bí olùkọ́ àti olùwádìí awọ ara títí ó fi darúgbó.

Ẹ fi ọdún 1947 yẹn sọ́kàn. Lọ́dún náà gan-an, ní ìlú Nuremberg ní Jámánì, àwọn adájọ́ dá àwọn dókítà Hitler lẹ́jọ́, nítorí pé wọ́n fi ara àwọn ẹni tó wà ní àhámọ́ dán nǹkan wò. Inú ìdájọ́ náà ni ìlànà kan ti jáde tí gbogbo ayé mọ̀ títí dòní: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dán oògùn wò lára ọmọnìkejì rẹ̀, àfi bí ẹni náà bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i, tó yé e, tó sì fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà láìsí ipá àti láìsí ẹ̀tàn.

*OKO TÍ KÌ Í ṢE TIRẸ̀*

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn aláṣẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n Holmesburg ní Philadelphia ránṣẹ́ pe Kligman. Ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń bó, ó ń yún wọn, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀gá ni nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹbí olú wọ̀nyẹn. Ó lọ. Ní 1966, ó sọ ohun tó rí lọ́jọ́ náà fún akọ̀ròyìn kan. Ó ní awọ ara tó lọ salalu bí ilẹ̀ oko ni òun rí níwájú òun, àti pé ó rí lójú òun bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá kọ́kọ́ rí ilẹ̀ ọlọ́ràá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Kò sọ pé òun rí àwọn ọkùnrin tí ara ń ni. Awọ ló ní òun rí. Àgbẹ̀ wo ló máa ń bi ilẹ̀ léèrè kó tó kọ ebè?

Láti ìgbà náà títí di 1974, ó ń dán oríṣiríṣi nǹkan wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Holmesburg: ìpara, ọṣẹ, òróró, oògùn irorẹ́. Wọ́n á lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn wọn ní onígun mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n á wá ṣí i wò lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá àti ìjọba pàápàá ń sanwó fún un. Àwọn ológun Amẹ́ríkà ní kó dán àwọn oògùn tó ń da orí ènìyàn rú wò. Ilé iṣẹ́ Dow Chemical ní kó dán dioxin wò, májèlé tó máa ń wà nínú àwọn oògùn apakoríko kan. Ìwọ̀n tó fi sí ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ju èyí tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí lọ ní ìlọ́po tó ju 400 lọ.

Ènìyàn dúdú bíi tiwa ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá, owó tí wọ́n máa fi gba béèlì ni wọn kò ní. Iṣẹ́ mìíràn nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, sẹ́ǹtì díẹ̀ ni wọ́n ń rí lójúmọ́. Iṣẹ́ Kligman ń mú dọ́là wá. Wọ́n ń fọwọ́ síwèé lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sọ ohun tó wà nínú ìpara náà fún wọn. Ẹni tí ebi ń pa, tó wà nínú àhámọ́, tí wọn kò ṣàlàyé fún, ṣé a lè sọ pé ó gbà? Ọwọ́ rẹ̀ ló gbà, inú rẹ̀ kò mọ̀.

*OHUN TÍ ÀWỌN OBÌNRIN SỌ FÚN UN*

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára ni mo fẹ́ wọ̀ báyìí.

Ní 1969, Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé jáde pé oògùn kan tó wá láti ara fáítámì A, tí wọ́n ń pè ní tretinoin, ń wo irorẹ́ sàn bí a bá fi pa ojú. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, ó ń ta ojú wọn, wọ́n sì pa á tì. Kligman ló dúró tì í títí ó fi mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Ní 1971 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, wọ́n pè é ní Retin-A. Irorẹ́ tó ń ba ojú àwọn ọ̀dọ́ jẹ́, tó ń mú kí wọ́n máa tijú láti jáde, rí oògùn gidi.

Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tó ti lé ní 40 ọdún tí wọ́n ń lo oògùn yìí fún irorẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí sọ fún un pé, “Dókítà, ojú mi ń dán, àwọn ìlà wẹ́wẹ́ ojú mi ń dínkù.” Dókítà mìíràn lè fi rẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ rò pé ìfẹ́ inú wọn ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó padà wò ó dáadáa. Ní 1986, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde pé òótọ́ ni. Ní 1988, àwọn dókítà ní Yunifásítì Michigan tún un dánwò. Wọ́n mú ènìyàn 30, wọ́n fi oògùn náà pa apá kan, wọ́n fi ìpara lásán pa apá kejì, fún ọ̀sẹ̀ 16, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èwo ni èwo. Apá tí oògùn wà dára ju èkejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ta ọ̀pọ̀ nínú wọn lára.

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún àwa òṣìṣẹ́ ìlera: ohun tí aláìsàn bá ń sọ nípa ara rẹ̀, ká fetí sí i.

*OÒRÙN ÀTI ỌJỌ́ ORÍ*

Ṣáájú Kligman, ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọjọ́ orí nìkan ló ń mú kí awọ hunjọ. Ó ní irọ́ ni. Ó mú awọ tí oòrùn ń rí àti awọ tí aṣọ ń bò, ó wò wọ́n lábẹ́ ẹ̀rọ asọ-nǹkan-kékeré-di-ńlá. Nínú ìwé tó kọ ní 1969, ó fi hàn pé láti ìgbà èwe ni oòrùn ti ń ba awọ òyìnbó jẹ́, kí wọ́n tó fi ojú rí i. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Lorraine, tóun náà jẹ́ olùwádìí, ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo dókítà mọ̀: ọ̀tọ̀ ni ogbó tí ọjọ́ orí mú wá, ọ̀tọ̀ ni ogbó tí oòrùn mú wá.

Ẹ lè dán an wò nísinsìnyí. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ yín. Lẹ́yìn náà ẹ gbé apá sókè, ẹ wo abẹ́ apá yín lápá òkè, níbi tí aṣọ máa ń bò. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọ̀n awọ méjèèjì, àmọ́ wọn kò rí bákan náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ ti le, ó ti gbẹ, ó lè ní àmì tótòòtó. Abẹ́ apá ṣì múlọ́múlọ́. Oòrùn ló fa ìyàtọ̀ yẹn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ni pé awọ wa ní okùn tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń fà á le bí okùn ibùsùn. Oòrùn ń já okùn náà díẹ̀díẹ̀. Tó bá já tán, awọ á dẹ̀, á hunjọ.

Ibi tó kan àwa aláwọ̀ dúdú rèé. Ní 1979, Kligman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn iye ìtànṣán tó ń jóni nínú oòrùn tó ń gba awọ òkè kọjá. Nínú awọ òyìnbó, nǹkan bí 24 nínú 100 ló kọjá. Nínú awọ ènìyàn dúdú, nǹkan bí 7 péré ni. Wọ́n ṣírò pé ààbò tó wà nínú awọ dúdú tó 13 níbi tí ti òyìnbó ti jẹ́ 3. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni aró dúdú tí Ẹlẹ́dàá pò mọ́ wa lára, èyí tí wọ́n ń pè ní melanin. Agboòrùn tí a bí mọ́ni ni. Òun ló jẹ́ kí ìyá ẹni 60 ọdún dà bí ẹni 45, tí àwọn òyìnbó fi ń béèrè ohun tó ń jẹ. Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń pe ènìyàn ní adúmáadán, wọn kò ní ẹ̀rọ kankan, àmọ́ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń yìn.

*ÀDÀLÙ ỌDÚN 1975*

Ọkùnrin kan náà tó bá wa wọn iye agboòrùn yìí ló kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń ya á.

Ara bíbó kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ní nǹkan bí 1939, ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń ṣe awọ ẹran ń di funfun. Kẹ́míkà kan tó wà nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà wọn ló fà á, ìbátan hydroquinone. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n ṣe máa fi irú rẹ̀ ṣe ìpara. Nílé wa níbí, 1976 ni Fẹlá kọ orin “Yellow Fever”, tó fi ń bá àwọn tó ń bóra wí. Ìyẹn ni pé àṣà náà ti gbilẹ̀ nígbà yẹn.

Ohun tí Kligman àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Isaac Willis ṣe ní 1975 ni pé wọ́n po oògùn mẹ́ta pọ̀: hydroquinone ìdá 5 nínú 100, tretinoin ìdá kan nínú 1,000, àti dexamethasone ìdá kan nínú 1,000. Hydroquinone ń dá iṣẹ́ aró dúdú dúró. Tretinoin ń jẹ́ kó ráyè wọlé, ó sì ń mú kí awọ tètè pààrọ̀ ara rẹ̀. Dexamethasone, tó jẹ́ steroid, kì í jẹ́ kó ta ara. Wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ kò lè bó awọ dúdú tó dá ṣáká, ṣùgbọ́n bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ó ń ṣiṣẹ́.

Ìdí tí oògùn náà fi dára ni pé ó wúlò fún àbàwọ́n: èyí tó máa ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn oyún, àpá dúdú tí irorẹ́ fi sílẹ̀. Àwọn dókítà awọ ara ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú àdàlù yìí kan ní 2002, ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ojú nìkan ni, kó má sì ju ọ̀sẹ̀ 8 lọ, kí ènìyàn sì máa sá fún oòrùn.

Ọ̀sẹ̀ 8 lójú nìkan ni o. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ike ńlá, wọ́n ń fi clobetasol tó le ju dexamethasone lọ sí i, wọ́n ń fi í pa láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn mìíràn tún ń fi pa ìkókó kó lè pupa. Oògùn tí wọ́n ní ká lá, àwa ń wẹ̀ ẹ́.

*OHUN TÍ Ó Ń ṢE LÁRA*

Lọ́dún 1975 yẹn náà ni àwọn dókítà ní South Africa kọ̀wé pé ojú àwọn obìnrin dúdú tó ń lo ìpara hydroquinone fún ìgbà pípẹ́ ń padà di dúdú bí èédú, ó ń rí jàgíjàgí, kì í sì í lọ mọ́. Ìjọba South Africa fòfin de hydroquinone nínú ìpara ẹwà ní 1990. Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, tí abẹ́ ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti bó, ohun tí mò ń sọ nìyẹn.

Ti steroid tún burú jù. Ní 1979, Kligman fúnra rẹ̀ àti dókítà kan tó ń jẹ́ Frosch kọ ìwé láti kìlọ̀ pé steroid ń di bárakú fún awọ. Bí ó ṣe ń rí rèé: tí ẹ bá ń lò ó, ojú á máa dán. Tí ẹ bá fi sílẹ̀, ojú á pọ́n, á máa jó bí ata, irorẹ́ á sú bolẹ̀. Ẹ ó rò pé àìlò rẹ̀ ló fà á, ẹ ó sì sáré padà sídìí rẹ̀. Ìpara náà ló dá àrùn náà sílẹ̀, òun náà ló sì ń díbọ́n pé òun ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọtí ṣe ń ṣe ọ̀mùtí.

Bí ó bá pẹ́, awọ á fẹ́lẹ́ bí bébà. Bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, okùn ìránṣọ kì í rí ibi dì mú, ojú ọgbẹ́ á sì pẹ́ kó tó jiná. Steroid tó ń gba gbogbo ara wọlé lè gbé ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru dìde, ó lè sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó lè pa ojú lára. Bí ìpara náà bá tún ní mercury nínú, tí ọ̀pọ̀ àpòpọ̀ aláìlórúkọ ní, kíndìnrín ló ń lọ bá.

*ÌDÁJỌ́*

Ní 1972, ìwé ìròyìn tú àṣírí Tuskegee. Láti 1932 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń wo ọkùnrin dúdú 399 tó ní àrùn syphilis, tí wọn kò tọ́jú wọn, kí wọ́n lè mọ bí àrùn náà ṣe ń pa ènìyàn. Ariwo ta. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dá àwọn ìdánwò Holmesburg dúró ní 1974, ìjọba sì ṣe òfin tó le lórí fífi ẹlẹ́wọ̀n ṣe ìwádìí.

Ní 1998, Allen Hornblum, tó ti kọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ ní ìwé kíkà rí, kọ ìwé kan tó tú gbogbo rẹ̀ síta. Ní 2000, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àtijọ́ tó tó nǹkan bí 300 gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbé àpá náà kiri lẹ́yìn wọn.

Kligman kò tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ó ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe nígbà náà ni òun ṣe, àti pé kò sí ẹni tó ní ìpalára tó pẹ́ lára, níwọ̀n bí òun ti mọ̀. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 2010, ní ẹni 93 ọdún. Oògùn rẹ̀ ti sọ ọ́ di olówó, ó sì ti fi mílíọ̀nù dọ́là ta yunifásítì rẹ̀ lọ́rẹ.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹjọ́ kò parí. Ní 2021, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Pennsylvania tọrọ àforíjì, wọ́n sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn ohun tí wọ́n fi sọrí rẹ̀. Ní 2022, olórí ìlú Philadelphia tọrọ àforíjì lórúkọ ìlú náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ti kú kí àforíjì náà tó dé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kú kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ òtítọ́.

Àwọn kan máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Nọ́ọ̀sì, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ká má lo oògùn rẹ̀ ni?” Èrò tèmi ni pé oògùn kò mọ ẹni tó ṣe é. Ọmọbìnrin tí irorẹ́ ń bá jà, tí dókítà kọ tretinoin fún, kó lò ó. Ohun tí a jẹ àwọn ọkùnrin Holmesburg ni pé ká má gbàgbé ara ta ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, ká má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi ara wa ṣe oko.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ń po ìpara aláìlórúkọ fún yín lọ́jà, tí kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí ẹni tó ń lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ẹlẹ́wọ̀n? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n ń sanwó fún ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún oníìpara.

*OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ Ẹ MÁA ṢE*

1. Ẹ má ra ìpara tí kò ní orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti nọ́ńbà NAFDAC. Bí ẹ bá rí hydroquinone, mercury, clobetasol, betamethasone tàbí dexamethasone, ẹ gbé e sílẹ̀ àfi bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá sọ.

2. Ẹni tó ti ń fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa gbogbo ara fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ lọ rí dókítà kó bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

3. Aboyún àti ẹni tó fẹ́ lóyún kò gbọdọ̀ lo tretinoin tàbí ìpara abóra. Ẹ má fi pa ọmọ. Òrí tàbí àdín lásán tó ọmọ, ó tó àgbà náà.

4. Ẹ̀yin àgbà, awọ yín ti fẹ́lẹ́, ó sì tètè ń gbẹ. Ẹ má fi omi gbígbóná janjan wẹ̀, ẹ má fi kànìnkànìn le ara jù. Bí ara bá ṣì tutù díẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ fi òrí pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dìde lórí ibùsùn, kí ẹ yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí ìdí rẹ̀ má baà lá.

5. Melanin ń gbà wá, ṣùgbọ́n kò gbà wá tán. Ẹ̀yin tó ń tajà nínú oòrùn, ẹ lo agboòrùn tàbí akẹtẹ̀. Àwọn àfín wa kò ní agboòrùn inú ara yìí, ẹ máa fi aṣọ alápá gígùn, akẹtẹ̀ àti ìpara oòrùn dáàbò bò wọ́n láti kékeré.

6. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá kópa nínú ìwádìí kan nílé ìwòsàn, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú, ìwádìí ló ń bí oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè: Kí lẹ fẹ́ ṣe sí mi? Ewu wo ló wà níbẹ̀? Ṣé mo lè kúrò bí mo bá fẹ́? Ta ló fọwọ́ sí i? Ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá títí yóò fi yé yín. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ìyà àwọn ẹlòmíràn ló bí ẹ̀tọ́ náà.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn ọmọbìnrin yín tó ń múra ìgbéyàwó, torí àkókò yẹn ni wọ́n máa ń kó sọ́wọ́ àwọn oníìpara jù. Ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò ṣeé bi láàárín ẹgbẹ́, kó kọ ọ́ sí èmi nìkan, àṣírí rẹ̀ á bò.

Ara á le o. Awọ tí Olúwa fi dá wa lọ́lá kò ní di ìnira fún wa. Àmín.

Èmi ni nọ́ọ̀sì àdúgbò yín.